Omi borehole wa ti ń níyọ̀ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí: ṣé ká gbẹ́ ẹ jìn sí i, ká sì ta àbàtà ẹ̀yìn abúlé?

Ọmọ Ilẹ̀ Tẹ́ẹ́rẹ́

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ nínú ẹbí wa tí mo fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa omi àti ilẹ̀ bá wa dá sí kí ìpàdé ẹbí tó pé.

Abúlé wa wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, láàrin Ẹlẹ́kọ àti Àkòdò. Ẹni tó bá mọ agbègbè yẹn á mọ̀ pé ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni: òkun níwájú, ọ̀sà lẹ́yìn, àwa láàrin. Páìpù omi ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ wa rí. Kànga tí bàbá wa àgbà gbẹ́ kò jìn rárá, omi rẹ̀ sì mọ́ gaara. Nígbà tó yá, a gbẹ́ borehole, a gbé táńkì sókè, gbogbo agboolé ń pọn ọ́n.

Ní bí ọdún mélòó kan sí ìsinsìnyí ni nǹkan ti yí padà. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọ oṣù Kejì, omi borehole yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í níyọ̀. Ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀. Ẹ̀wà tí a bá fi sè kì í tètè rọ̀. Ata tí ìyàwó àbúrò mi gbìn sí ẹ̀gbẹ́ táńkì, etí ewé rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbẹ, kí gbogbo rẹ̀ tó wá rọ. Tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún sí Kẹfà, iyọ̀ yẹn á dínkù, títí di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Ní báyìí, omi inú ọ̀rá la ń mu, ọwọ́ mẹ́rúwà la sì ti ń ra èyí tí a fi ń fọ aṣọ. Owó tí ń lọ síbẹ̀ kò kéré.

Ọ̀rọ̀ kejì nìyí. Lẹ́yìn abúlé, lápá ọ̀sà, a ní àbàtà kan tó jẹ́ ti ẹbí. Igi ògùrọ̀ ló kún ibẹ̀. Àwọn ìyá wa ń kó akàn níbẹ̀, àwọn ọmọdé ń dẹ ìgèrè sí ojú omi rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ẹ́sítéètì ti wá bá àwọn àgbà pé àwọn fẹ́ rà á, àwọn á da yanrìn kún un, àwọn á gé e sí pílọ́ọ̀tì. Wọ́n ní àwọn á gbẹ́ borehole jíjìn kan fún abúlé lọ́fẹ̀ẹ́. Olórí ẹbí wa ti fẹ́ gbà. Ó ní ilẹ̀ tí kò ṣeé kọ́lé sí, tí kò ṣeé gbin ẹ̀gẹ́ sí, kí là ń fi ṣe?

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ẹ̀yìn tí wọ́n da yanrìn kún àbàtà abúlé kejì tán ni omi tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í níyọ̀. Ṣé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni? Ṣé borehole jíjìn yẹn lè yanjú ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré fún mi, ilẹ̀ baba wa ni.

Ará Bọ́gíjẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀rọ̀ omi. Tiwa níbí, ìpẹtà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ bá pọn ọ́n tán, á mọ́ lójú. Ẹ gbé e kalẹ̀ di ọ̀sán, á pọ́n. A ra fílítà ńlá, ìpẹtà lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé sún mọ́ etí òkun ra irú rẹ̀ gan-an, omi rẹ̀ mọ́, iyọ̀ kò lọ.

Ní tèmi, ẹ gbà kí wọ́n gbẹ́ èyí tó jìn. Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ tí omi rẹ̀ dáa ló gbẹ́ ẹ jìn.

Agbẹ́kànga

Ọmọ Ilẹ̀ Tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Iṣẹ́ kànga ni mò ń ṣe, láti Bàdágìrì títí dé Ẹ̀pẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé, torí ohun tí ẹ bá fọwọ́ sí ní ìpàdé yẹn, àwọn ọmọ yín ló máa mu ún.

Omi dídùn tó wà lábẹ́ abúlé yín kì í ṣe omi ọ̀sà, kì í ṣe omi òkun tí yanrìn sẹ́ mọ́. Òjò ni. Òjò tó rọ̀ sórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló wọnú yanrìn lọ, tó dúró síbẹ̀. Omi òkun sì wà lábẹ́ rẹ̀. Lítà kan omi òjò wọn 1,000 gíráàmù. Lítà kan omi òkun wọn nǹkan bí 1,025. Ìdí nìyẹn tí èyí tó dùn fi ń léfòó lórí èyí tó níyọ̀ nínú yanrìn, bí epo ṣe ń léfòó lórí omi. Láti inú gíráàmù 25 péré yẹn ni ìṣirò kan ti jáde tí gbogbo agbẹ́kànga etí òkun gbọ́dọ̀ mọ̀: bí omi dídùn inú ilẹ̀ bá fi mítà 1 ga ju ojú òkun lọ, ó lè jìn tó mítà 40 nísàlẹ̀ ojú òkun kó tó kan omi iyọ̀. Ẹ wá yí i padà. Bí omi inú ilẹ̀ yín bá fi ìdajì mítà péré lọ sílẹ̀, omi iyọ̀ lè fi mítà 20 gòkè wá. Kò ní ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń tọ̀ nìyẹn.

Pọ́ǹpù tún ń mú un yá. Pọ́ǹpù tó lágbára, tí wọ́n tàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ibi tí ẹnu páìpù wà gan-an ló ń fa omi iyọ̀ gòkè sí. Ìwọ̀n tó sì máa ba omi jẹ́ kò tó nǹkan. Ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà ní kí chloride, tí í ṣe apá kan iyọ̀, má kọjá mílígíráàmù 250 nínú lítà kan. Omi òkun ní tó 19,000. Bí ife omi òkun 2 bá dà pọ̀ mọ́ ife omi òjò 98, ó ti lé ní 350. Ahọ́n ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ará Bọ́gíjẹ̀ ti sọ òótọ́ nípa fílítà. Fílítà yanrìn àti èédú á mú ìpẹtà, kò lè mú iyọ̀, nítorí iyọ̀ ti yọ́ mọ́ omi. Sísè kò ràn án. Ẹ̀rọ tó ń yọ iyọ̀ wà, reverse osmosis ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ó ń jẹ iná, ó sì ń da apá kan omi tí ẹ bá fún un nù. Kò sí agboolé tó lè máa bọ́ ọ lójoojúmọ́ lórí jẹnẹrétọ̀.

Nípa gbígbẹ́ jìn, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Abẹ́ ilẹ̀ yín kì í ṣe yanrìn nìkan; yanrìn àti amọ̀ ló ń tẹ̀ lé ara wọn lọ sísàlẹ̀. Níbi tí amọ̀ bá ti nípọn, omi dídùn lè wà lábẹ́ omi iyọ̀, torí amọ̀ ti pín wọn níyà. Àwọn borehole kan wà lápá Lẹ́kkí tó kọjá mítà 200 kí wọ́n tó bá omi tó ṣeé mu. Ṣùgbọ́n kí páìpù tó dé ibẹ̀, inú omi iyọ̀ ló máa gbà kọjá. Bí ẹni tó gbẹ́ ẹ kò bá fi sìmẹ́ńtì di ẹ̀gbẹ́ páìpù náà pa dáadáa ní gbogbo ibi tó ti kọjá nínú omi iyọ̀, ọ̀nà ló là fún iyọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀. Mo ti rí irú rẹ̀ tí omi dùn nígbà tí wọ́n ń ṣe ayẹyẹ ìṣílé, tí kò ṣeé fi fọ ẹnu mọ́ nígbà tó yá. Iṣẹ́ sìmẹ́ńtì yẹn ló ń gba owó, òun náà sì ni ẹni tó ń gbẹ́ kànga lọ́fẹ̀ẹ́ máa kọ́kọ́ fò. Nǹkan mìíràn tún ni pé omi ìsàlẹ̀ yẹn kì í ṣe òjò abúlé yín ló ń bọ́ ọ. Láti òkè, níbi tí yanrìn yẹn ti yọjú sókè lápá Ìkòròdú àti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni omi ti ń wọlé, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń rìn wá. Ẹ lè tètè fà á ju bó ṣe ń dé lọ.

Ó wá ku àbàtà. Èyí gan-an ló mú mi jókòó kọ̀wé.

Àbàtà kì í jẹ́ kí omi òjò tètè sá lọ. Nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró ní oṣù Kọkànlá, omi inú ilẹ̀ ṣì ga torí àbàtà wà lẹ́yìn tó ń tì í lẹ́yìn, kò jẹ́ kó ṣàn lọ sínú ọ̀sà kíákíá. Gígà yẹn ni ìdajì mítà tí mo sọ lókè. Ẹ jẹ́ ká ṣe òtítọ́ o: yanrìn tí wọ́n ń dà sí àbàtà nìkan kọ́ ni ìṣòro, yanrìn náà ń gba omi. Ohun tó ń tẹ̀ lé e ni. Wọ́n á la gọ́tà jíjìn kí ilẹ̀ lè gbẹ, gọ́tà yẹn á sì máa fa omi inú ilẹ̀ lọ sí ọ̀sà tọ̀sán tòru. Wọ́n á da kọnkéré sí gbogbo àgbàlá. Òjò tó ń rọ̀ lápá yín lọ́dún kò dín ní milimítà 1,500. Pílọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ 60 sí 120 tó nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 670. Òjò tó ń bọ́ sórí pílọ́ọ̀tì kan ṣoṣo lọ́dún ti tó lítà mílíọ̀nù 1. Tí kọnkéré bá bò ó, inú gọ́tà ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Lẹ́yìn náà, onílé kọ̀ọ̀kan á gbẹ́ borehole tirẹ̀, á gbẹ́ sọ́kàwéè tirẹ̀ tì í. Wọ́n ní kí sọ́kàwéè jìnnà sí kànga tó mítà 30. Pílọ́ọ̀tì yẹn kò fẹ̀ ju mítà 18 lọ. Ibo ni wọ́n fẹ́ gbé e sí tí kò ní sún mọ́ kànga ẹnì kan?

Bí yanrìn bá tún jẹ́ èyí tí wọ́n fà láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà tàbí òkun, iyọ̀ wà lára rẹ̀ kó tó dé. Torí náà, mi ò gbà pé ó kàn ṣe kòńgẹ́.

Ohun kan fún mi ní ìrètí nínú ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ní iyọ̀ náà ń dínkù nígbà òjò. Ìyẹn ni pé òjò ṣì lágbára láti tì í padà. Mo ti dé ibi tí kò sí òjò tó lè tì í mọ́. Ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè kan: kànga bàbá yín àgbà ńkọ́? Ṣé omi rẹ̀ ṣì dùn?

Ìyá Edé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, edé àti ẹja ni mò ń tà. Ẹ̀yin tí ẹ ní kànga tó dùn lóṣù mẹ́fà lọ́dún, ẹ tọ́jú ẹ̀.

Ọ̀dọ̀ tiwa, omi yí wa ká, a ò rí mu. Ẹ ti gbọ́ nípa Ayétòrò, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947. Òkun ti kó ilé lọ níbẹ̀ títí, àwọn ènìyàn ń sún sẹ́yìn, òkun ń tẹ̀ lé wọn. Ní apá Àwóyè, wọ́n la ọ̀nà omi kan já sí òkun nítorí iṣẹ́ epo rọ̀bì. Omi iyọ̀ gba ibẹ̀ wọlé sínú igbó omi dídùn. Àwọn igi náà kú ní ìdúró. Ẹja inú omi dídùn lọ. Ẹni tó ń pẹja níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pẹja òkun, ọkọ̀ mìíràn, àwọ̀n mìíràn. Agbẹ́kànga sọ̀rọ̀ gọ́tà. Ẹ bi àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ yín pé ibo ni ẹnu gọ́tà wọn máa já sí. Bí ẹ bá là á sí ibi tí omi iyọ̀ lè gbà padà wọlé nígbà tí òkun bá kún, ẹ ti fọwọ́ ara yín ṣílẹ̀kùn fún un.

Òjò là ń mu. Páánù ló ń gbà á, gọ́tà rọ́bà ló ń gbé e wá sí dùrọ́ọ̀mù. Òjò àkọ́rọ̀, a kì í gbe é, ìdọ̀tí orí páánù àti ìgbẹ́ ẹyẹ ló ń fọ̀. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ dáadáa kí ẹ tó ti ẹnu rọ́bà bọ dùrọ́ọ̀mù. Ẹ fi àwọ̀n tó já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bo ẹnu rẹ̀ kí ẹ̀fọn má yé sí i. Ilé tiyín tí páánù rẹ̀ fẹ̀, omi tó ń ṣàn dànù láti ibẹ̀ á tó yín mu kọjá ọdún Kérésìmesì, tí ẹ bá ní ohun tí ẹ máa gbà á sí.

Ará Bọ́gíjẹ̀

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ẹ̀yin àgbà, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo apá kejì. Èbúté Lẹ́kkí ti ń ṣiṣẹ́ láti 2023, ilé ìfọpo Dangote wà níbẹ̀, ọ̀nà etí òkun láti Èkó dé Calabar, tó tó kìlómítà 700, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2024. Àwọn òṣìṣẹ́ á wá ibi tí wọ́n máa sùn. Ilẹ̀ tí ẹbí kò bá tà, Òfin Lílò Ilẹ̀ ti 1978 ti fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà. Ó lè di pé kí wọ́n gbà á láìsí owó tó jọ owó.

Ọmọ Ilẹ̀ Tẹ́ẹ́rẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá Edé, ẹ ṣé, mà. Ẹ̀rù ba èmi náà bí Ará Bọ́gíjẹ̀ ṣe sọ ọ́, ohun tí olórí ẹbí ń sọ nìyẹn.

Bàbá Agbẹ́kànga, ìbéèrè yín dá mi dúró. Kànga bàbá wa àgbà, a ti fi páánù bò ó ní gbogbo àsìkò yìí. Mo ní kí àbúrò mi ṣí i, kó pọn ọ́n. Ó ní ewé àti ìdọ̀tí wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí o! Báwo ni kànga tí kò jìn ṣe ń dùn tí èyí tó jìn ń níyọ̀?

Agbẹ́kànga

Ohun tí mo ń retí nìyẹn. Omi tó dùn ló wà lókè. Borehole yín kọjá rẹ̀ lọ sí ibi tí iyọ̀ ti ń gòkè, ó sì ń fà á pẹ̀lú agbára. Kànga àtijọ́ kàn ń gba èyí tó wà lójú, garawa kan lẹ́ẹ̀kan.

Torí náà, ẹ má tíì na kọ́bọ̀ lórí jíjìn. Ẹ kó ìdọ̀tí inú kànga yẹn, ẹ mọ ẹnu rẹ̀ ga, ẹ dé e pa. Tí ẹ bá fẹ́ pọ́ǹpù, kí ó jẹ́ kékeré, kí ẹ máa tàn án díẹ̀ láàárọ̀, díẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí táńkì máa kún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí kò bá tó, ẹ gbẹ́ mìíràn tí kò jìn, kí ó jìnnà sí ti àkọ́kọ́, dípò kí ẹ fi agbára fa ojú kan. Omi tí kò jìn kì í pẹ́ kó ìdọ̀tí o. Ẹ wo ibi tí ṣalángá àti sọ́kàwéè wà, kí ẹ sì máa se èyí tí ẹ fẹ́ mu. Omi òjò tí Ìyá Edé sọ, ẹ fi kún un.

Ará Bọ́gíjẹ̀, mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé. Ẹbí yín ní ilẹ̀ gbígbẹ lápá títì, àbí? Yanrìn tó ga ni ibẹ̀, ó lè gba ilé. Ẹ tà níbẹ̀ tí ẹ bá nílò owó. Kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé borehole àjọlò ni gbogbo ilé máa lò, kì í ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pé ibì kan ni ìdọ̀tí ṣalángá máa lọ. Pé omi orí òrùlé máa wọlẹ̀ nínú àgbàlá, kò ní lọ sí gọ́tà. Kí àbàtà sì wà bó ṣe wà. Ẹ gbé ìwé ilẹ̀ yín lọ bá lọ́yà àti sọfíyọ̀ kí wọ́n wò ó bóyá ìjọba ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún abúlé, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ gómìnà dẹ́rù bà yín. Ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀ kò ní rí i rà lọ́wọ̀n mọ́. Owó tí ẹ bá gbà lórí àbàtà yẹn, ọwọ́ mẹ́rúwà ni ẹ máa ná an sí.

Kí ẹ tó lọ ìpàdé, ẹ gba ẹ̀rí lọ́wọ́. Ẹ wá ìgò oníke mẹ́rin tó mọ́. Ẹ fi omi tí ẹ fẹ́ gbà ṣan ìgò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó rọ ọ́ kún dé ẹnu. Ọ̀kan láti kànga àtijọ́. Ọ̀kan láti borehole ní kété tí ẹ bá tan pọ́ǹpù, ọ̀kan lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́ wákàtí méjì. Ọ̀kan láti inú àbàtà. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí ẹ ti pọn ọ́n sí ara wọn, kí ẹ gbé wọn lọ sí ilé àyẹ̀wò omi láàárín ọjọ́ kan náà. Ẹ ní kí wọ́n wo chloride, conductivity (bí omi ṣe ń gbé iná mànàmáná kọjá, tó ń ga bí iyọ̀ bá ti ń pọ̀) àti irin. Bí ìgò borehole kejì bá níyọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, pọ́ǹpù yín ló ń fà á gòkè, olórí ẹbí á sì rí i ní dúdú àti funfun. Ẹ gbé èsì náà síbí, màá bá yín kà á.

Ọmọ Ilẹ̀ Tẹ́ẹ́rẹ́

Ẹ ṣé, bàbá. Ọ̀la ni màá kó ìgò wọ̀nyẹn lọ. Mo ti bẹ olórí ẹbí pé kí a sún ìpàdé síwájú títí èsì á fi dé, ó sì gbà.